Àkọlé Ìdí Ọta Nìkan Kò Tó: Ẹ Kọ Ibi Tí Ẹ Ti Rí I Sílẹ̀

Ta ló ṣì ní agolo ìgbà èwe rẹ̀ nílé? Agolo mílíìkì tàbí ti bisikíìtì, tí a máa ń kó gbogbo ohun tó bá wù wá sí: owó ẹyọ tí kò ṣeé ná mọ́, ìdérí ìgò, bọ́tìnnì, kọ́kọ́rọ́ tí kò ní àgádágodo. Nínú ọ̀pọ̀ irú agolo bẹ́ẹ̀, ẹ máa rí páhòró ọta ìbọn kan tàbí méjì. Òmíràn jẹ́ èyí tí a ṣà nílẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn ọdẹ yìnbọn níbi òkú àgbà. Òmíràn, bàbá àgbà tó lọ ogun Bọ́mà ló mú un bọ̀. Òmíràn sì rèé, ọkọ́ ló hú u jáde lóko, kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe débẹ̀.

Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀lé e kò pọ̀: kí nìyí, ìgbà wo ni wọ́n ṣe é? Ìdáhùn wà ní ìdí ọta náà, níbi tí wọ́n tẹ lẹ́tà àti nọ́ńbà sí. Mo fẹ́ fi bí wọ́n ṣe ń kà á hàn yín lónìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo ní í sọ gan-an nìyí: àkọlé yẹn lè sọ ibi tí wọ́n ti ṣe ọta náà, kò lè sọ ibi tó ti ṣiṣẹ́. Ibi tó ti ṣiṣẹ́ ló sì jẹ́ ìtàn tiwa. Tí ẹni tó ṣà á kò bá kọ ọ́ sílẹ̀, kò sí yunifásítì kankan láyé tó lè bá wa wá a rí mọ́.

Kí a tó kà á: ṣé kò tíì yìn?

Ẹ má fo apá yìí o. Kátíríìjì kan tó pé ní nǹkan mẹ́rin. Èkíní ni ọta fúnra rẹ̀, ìyẹn irin tàbí òjé tó ń fò jáde. Èkejì ni ẹ̀tù. Ẹ̀kẹta ni ojú iná, àwo róbótó kékeré tó wà láàárín ìdí, tí abẹ́rẹ́ ìbọn máa ń gbá kí iná tó ràn mọ́ ẹ̀tù. Ẹ̀kẹrin ni páhòró tó kó gbogbo wọn sínú. Lẹ́yìn tí ìbọn bá ti dún, páhòró àti ojú iná tó ti jó nìkan ló ń ṣẹ́ kù.

Nítorí náà, tí ọta bá ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ kà á sí èyí tó lè dún. Kódà kí ojú iná ti ní kòtò, ìyẹn ò sọ pé ó ti kú. Ó lè jẹ́ pé abẹ́rẹ́ gbá a tí iná kò sì ràn. Ọjọ́ orí kò pa ẹ̀tù dandan. Kátíríìjì tí wọ́n ṣe nígbà ogun àgbáyé kejì ṣì ń dún lónìí tí omi kò bá wọ inú rẹ̀. Tí iná bá sì dé bá a níbi tí kò ti sí nínú ìbọn, idẹ rẹ̀ á fọ́ yángá, èyí tó fọ́ yẹn ló ń wọ ojú èèyàn.

Ẹ má fà á tu, ẹ má fi èékánná irin dì í mú, ẹ má dá a lu, ẹ má sọ ọ́ síná, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́. Tí wọ́n bá kun orí ọta ní ọ̀dà pupa, dúdú, búlúù tàbí àwọ̀ ewé, kí ìbẹ̀rù tó wà nínú rẹ̀ tún pọ̀ sí i, torí ọ̀dà yẹn sábà máa ń sọ pé ọta iná ni, tàbí èyí tó ń dá irin lu. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló sì ní àwọ̀ tirẹ̀, ẹ má fojú dá a.

Kí ni kí ẹ ṣe? Ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó wà, ẹ lé àwọn ọmọdé kúrò níbẹ̀, ẹ sọ fún àgbàlagbà ilé, kí ẹ sì pe àwọn ọlọ́pàá kí wọ́n wá mú un. Ẹ má gbé e wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ bá wọn. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà kò gbà kí ẹnikẹ́ni ní ọta tó ṣeé yìn lọ́wọ́ láìgba ìwé àṣẹ, bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Ìlú Ọba. Gbogbo ohun tí mo bá sọ láti ibí lọ, páhòró òfìfo ni mò ń bá wí.

Bí a ṣe ń ka ìdí

Ẹ mú páhòró náà, ẹ yí ìdí rẹ̀ sókè bí ẹni ń wo owó ẹyọ, kí ẹ wá jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ kan wá. Nǹkan mẹ́ta ni a ń wá: ta ló ṣe é, ọdún wo, irú wo. Kì í ṣe gbogbo ìdí ló ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Èyí tó pọ̀ jù nílẹ̀ wa ni ti ìbọn ọdẹ, oníke pupa tàbí búlúù tí ìdí rẹ̀ nìkan jẹ́ irin. Ẹ máa rí 12 níbẹ̀, nígbà míì wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin yí ká. Mo ti gbọ́ tí àwọn èèyàn ń pè é ní ọdún. Kì í ṣe ọdún rárá. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ mú òjé tó wọn pọ́n-ùn kan, ẹ pín in sí ọ̀nà 12 dọ́gba, ẹ wá mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní róbótó. Fífẹ̀ róbótó kan nínú wọn ni fífẹ̀ ẹnu ìbọn náà, ó tó mìlímítà 18.5. Ìdí nìyẹn tí ìbọn 20 fi tín-ín-rín ju 12 lọ. Bí róbótó tí ẹ rí nínú pọ́n-ùn kan bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń kéré sí i. Ìṣirò kékeré lásán, ó wà lójú wa ní gbogbo ìgbà tí àwọn ọdẹ bá ń dárà.

Ìkejì ni ti bàbá àgbà. Idẹ ni, ó gùn tó mìlímítà 56, ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín ju ìdí lọ, etí rẹ̀ sì yọ síta yí ká bí etí àwo. Ìdí rẹ̀ lè ní K 41 VII. K ni ilé iṣẹ́ Kynoch ní Birmingham. 41 ni 1941. VII ni irú keje, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ní 1910. Ìbọn Lee-Enfield ló ń jẹ ẹ́, .303 ni orúkọ rẹ̀, ìyẹn fífẹ̀ ẹnu ìbọn ní ìwọ̀n ínǹṣì. Tí ẹ bá wo etí ojú iná dáadáa, ẹ lè rí àmì ọ̀dà àlùkò. Àwọ̀ yẹn ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń mọ ọta lásán yàtọ̀ sí ọta iná tí wọ́n fi pupa tàbí búlúù sàmì sí. Tó bá jẹ́ R àti L lẹ ri, tí orí ọfà kékeré kan wà láàárín wọn, ilé iṣẹ́ ìjọba tó wà ní Woolwich lẹ́bàá London ló ti wá. Orí ọfà yẹn ni àmì pé ohun ìní ọba ni.

Ẹ̀kẹta kò ní etí tó yọ síta. Kòtò kan ló yí ìdí rẹ̀ ká kí etí tó bẹ̀rẹ̀. Ó gùn ní mìlímítà 51. Tó bá ní àmì àgbélébùú nínú òbìrìkìtì, ọta àjọ NATO ni. RG ni ilé iṣẹ́ Radway Green ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Tó bá jẹ́ OFN ńkọ́? Tiwa nìyẹn o! Kàdúná ni wọ́n ti ṣe é, ní ilé iṣẹ́ DICON tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1964.

Ẹ̀kẹrin kúrú, ó gùn ní mìlímítà 39, ìbọn AK ló ń lò ó. Ẹ gbé òòfà sún mọ́ ọn, á fà mọ́ ọn, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ irin tí wọ́n fi ọ̀dà tàbí bàbà bò. Nọ́ńbà méjì péré ló sábà máa ń wà ní ìdí ti àwọn ará Rọ́ṣíà: ti òkè ni ilé iṣẹ́, ti ìsàlẹ̀ ni ọdún. Bí ẹ bá rí 17 lókè àti 75 nísàlẹ̀, ìlú Barnaul ní Siberia ni, 1975. Tó bá jẹ́ 539, ìlú Tula ni.

Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan: ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin yìí, 7.62 ni wọ́n ń pe àwọn méjèèjì. Ọ̀kan wà tó tún ń jẹ́ 7.62, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 54, tí etí rẹ̀ sì yọ síta. Láti 1891 ni Rọ́ṣíà ti ń lò ó, kò sì tíì kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Òmíràn tún wà fún ìbọn ìléwọ́, gígùn tirẹ̀ jẹ́ 25. Ọmọ mẹ́rin, orúkọ kan. Nítorí náà ẹni tó bá gbé fọ́tò ìdí nìkan wá tó ní “ẹ bá mi dá a mọ̀,” kò tíì sọ̀rọ̀ tán. Ẹ fi rúlà tàbí kálípà wọn gígùn páhòró, fífẹ̀ ẹnu rẹ̀ nínú, fífẹ̀ ìdí, àti fífẹ̀ etí. Ìwọ̀n mẹ́rin yìí àti àkọlé ìdí ló jọ ń sọ̀rọ̀.

Àkọlé fúnra rẹ̀ sì lè jẹ́ ẹnà. Nígbà ogun àgbáyé kejì, Jámánì fi lẹ́tà kéékèèké rọ́pò orúkọ àwọn ilé iṣẹ́ rẹ̀ kí ọ̀tá má baà mọ ibi tí wọ́n wà. Ṣùgbọ́n ìdí yẹn kan náà tún tú wọn fó níbòmíì. S tó ní ìràwọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ túmọ̀ sí idẹ tí bàbà inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 72 nínú 100. S67 ni idẹ tí bàbà rẹ̀ ti dín sí 67. St ni irin pátápátá. Orílẹ̀-èdè tí bàbà ń wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ rí i, ìdí ọta lásán ló ti jẹ́wọ́.

Àwọn tó ṣàjèjì

Nígbà míì, ohun tó bá wà lọ́wọ́ yín kò ní jọ èyíkéyìí nínú àwọn wọ̀nyí. Àwọn wọ̀nyí gan-an ló ń dùn mọ́ni jù.

Ẹ lè rí èyí tí irin tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nítòsí ìdí. Irú èyí bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé lọ́wọ́ Casimir Lefaucheux, ní àwọn ọdún 1830. Òòlù ìbọn á gbá abẹ́rẹ́ náà wọlé kí iná tó ràn. Ẹ wo ewu tó wà ńbẹ̀: kí ó jábọ́ lọ́wọ́ èèyàn kó sì fi abẹ́rẹ́ yẹn gúnlẹ̀! Ẹ lè rí kékeré tí kò ní ojú iná rárá. Inú etí rẹ̀ ni nǹkan tó ń ràn wà; ọta .22 rèé, tí Smith àti Wesson ti gbé jáde ní Amẹ́ríkà láti 1857. Ẹ lè rí èyí tí ọta rẹ̀ jẹ́ igi. Ìyẹn fún ariwo nígbà ìdánrawò ni, àwọn ará Jámánì àti Swídìn lò ó dáadáa. Ẹ lè rí èyí tí wọ́n lu ihò sí lára tàbí tí wọ́n fa ìlà jíjìn sí lára láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èyí jẹ́ ti àwọn ọmọ ogun tó ń kọ́ bí a ṣe ń kó ọta síbọn. Àmọ́ tí ihò yẹn bá dà bí èyí tí ẹnì kan lù nílé, ẹ má gbọ́kàn lé e.

Amẹ́ríkà tún ní abàmì méjì. Dardick, ní àwọn ọdún 1950, ṣe kátíríìjì oníke tó ní igun mẹ́ta. Gyrojet ti àwọn ọdún 1960 kì í fi páhòró sílẹ̀ rárá, torí rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré ni. Ihò kéékèèké tó wà ní ìdí rẹ̀ ni èéfín ń gbà jáde tó fi ń tì í lọ.

Ṣùgbọ́n abàmì tó sún mọ́ ilé wa jù lọ kò lẹ́wà rárá. Ọta ìbọn Snider ni.

Bébà idẹ láti Kírìjì

Ní 1866 ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ìbọn Snider. Ará Amẹ́ríkà kan, Jacob Snider, ló ronú bí wọ́n ṣe lè gé ìdí àwọn ìbọn tí wọ́n ń ki láti ẹnu, kí wọ́n fi ìlẹ̀kùn irin kékeré kan sí i, kó lè máa gba ọta láti ìdí. Ẹni tó mọ ọwọ́ rẹ̀ lè yìn ín bí ìgbà 10 ní ìṣẹ́jú kan, nígbà tí ẹni tó ń ki ìbọn láti ẹnu kò lè yìn ju bíi 3 lọ. Ó sì lè dùbúlẹ̀ kó ó. Onísakabùlà ní láti dìde dúró.

Páhòró Snider àtijọ́ kò rí bí ti òde òní. Ọ̀gágun Edward Boxer ní Woolwich ló gbèrò rẹ̀: idẹ tín-ín-rín bíi bébà ni wọ́n ká bí ẹni ká ẹní, wọ́n wá fi ìdí irin dè é nísàlẹ̀. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ .577 ínǹṣì, ó lé ní mìlímítà 14. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní àkọlé kankan ní ìdí.

Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, kò sì parí tán títí di 1893. Ìbàdàn wà ní apá kan. Ẹ̀kìtìparapọ̀, ìyẹn Ìjẹ̀ṣà, Ẹ̀kìtì àti àwọn tó dara pọ̀ mọ́ wọn, wà ní apá kejì lábẹ́ Ògèdèǹgbé. Àwọn ọmọ Ẹ̀kìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé Èkó ló ṣètò ìbọn tó ń gba ọta láti ìdí ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn wọn, Snider sì wà lára wọn. Gbogbo wa la mọ̀ pé ìró ìbọn ló bí orúkọ ogun náà. Ìbọn tó dá orúkọ sílẹ̀ fún ogun tó gùn jù nínú ìtàn wa, páhòró rẹ̀ dà?

Ẹ ro ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí i nínú ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé lẹ́yìn ọdún tó lé ní 130. Ìdí irin á dípẹtà, á jẹrà. Ohun tó kù ni idẹ tín-ín-rín tó ká, tó ti fún pọ̀, tó ti di àwọ̀ ewé. Àgbẹ̀ tó bá rí i á rò pé bébà tí wọ́n fi dì súìtì ni. Kò ní lẹ́tà, kò ní nọ́ńbà. Ẹni tó bá ń dúró de àkọlé ìdí kò ní mọ̀ ọ́n láé. Ibi tí wọ́n ti rí i ló máa sọ ohun tó jẹ́.

Ohun tí ilẹ̀ ń rántí

Kí ẹ má baà rò pé mò ń sọ àsọdùn, ẹ jẹ́ ká lọ sí Montana ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kẹfà 1876, àwọn Lakota àti Cheyenne ṣẹ́gun ọ̀gágun Custer lẹ́bàá odò Little Bighorn. Gbogbo ọmọ ogun tó wà lọ́dọ̀ Custer fúnra rẹ̀ ló kú, kò sẹ́ni nínú wọn tó padà wálé ròyìn. Àwọn Lakota àti Cheyenne ròyìn ohun tí wọ́n rí, àmọ́ ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé kò kà á sí.

Ní 1983, iná jó koríko ibẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn awalẹ̀pìtàn, Douglas Scott àti Richard Fox, kó àwọn èèyàn jọ, wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń wá irin lábẹ́ ilẹ̀ rin pápá náà ní tító. Páhòró tí wọ́n bá rí, wọn kì í kàn ṣà á. Wọ́n á kọ́kọ́ kọ ojúkò rẹ̀ sórí àwòrán ilẹ̀. Abẹ́rẹ́ ìbọn kọ̀ọ̀kan ló máa ń fi àpá tirẹ̀ sára ìdí ọta, bí àtẹ̀ka ṣe rí fún ọmọ èèyàn. Nítorí náà tí páhòró mẹ́ta tó wà níbi mẹ́ta bá ní àpá kan náà, ìbọn kan ló yìn wọ́n, ẹni tó gbé e sì ti rìn gba ibẹ̀ kọjá. Báyìí ni wọ́n ṣe tẹ̀lé ìrìn àwọn jagunjagun lẹ́yìn ọdún tó lé ní 100. Wọ́n rí i pé ìbọn Henry àti Winchester tó ń yìn léraléra pọ̀ lọ́wọ́ àwọn Lakota àti Cheyenne, nígbà tí àwọn ọmọ ogun ìjọba ń kó ọta sí tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ ti ẹnu àwọn tí wọn kò gbà gbọ́ lẹ́yìn.

Ká ní wọ́n ti ṣa gbogbo páhòró wọ̀nyẹn sínú àpò kan ṣoṣo ńkọ́? Àkọlé ìdí á ṣì wà lára àwọn tó ní in. Ìdáhùn ò ní sí.

Ìbéèrè irú èyí pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Mélòó ni ìbọn Snider tó wà lójú ogun Kírìjì? Ibo ni àwọn tó gbé e dúró sí? Ní Ìmàgbọn, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti fi ìbọn Maxim bá Ìjẹ̀bú jà ní oṣù Karùn-ún 1892, irú ìbọn wo ni Ìjẹ̀bú fi dá wọn lóhùn, láti ẹ̀yìn igi wo? Ní Ọ̀rẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ ogun Bìáfírà dé ní oṣù Kẹjọ 1967, ibo gan-an ni wọ́n ti kọjú síra? Ìwé lè dáhùn díẹ̀. Ilẹ̀ lè dáhùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí a kò bá tíì kó èsì rẹ̀ tà fún àwọn tó ń ra irin kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù.

Ẹ wò ó ti bàbá àgbà pẹ̀lú. K 41 VII lè jẹ́ ọta tí ọmọ Abẹ́òkúta yìn nínú igbó Arakan, nígbà tí ìpín 81 àti 82 ti ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń bá Japan jà ní Bọ́mà. Ó sì lè jẹ́ èyí tí wọ́n yìn lórí pápá ìdánrawò nílé níbí, lẹ́yìn ogun. Birmingham ò mọ̀. Bàbá nìkan ló mọ̀, àbí ẹni tí bàbá sọ fún.

Èrò tí kò bá tèmi mu

Àwọn kan á ní, “Ọ̀rọ̀ ìbọn kọ́ ló yẹ kí ẹ máa kọ́ ọmọdé.” Mo gbọ́. Ìbọn ti fojú wa rí nǹkan lórílẹ̀-èdè yìí, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ti ń ṣà á kí n tó kọ̀wé yìí. Ọmọ tí a bá kọ́ pé “èyí tí ọta ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, má fọwọ́ kàn án” sàn ju ọmọ tí a kàn gbá létí tí a sì gba agolo lọ́wọ́ rẹ̀, tó wá lọ ń fi òkúta fọ́ òmíràn níkọ̀kọ̀.

Àwọn mìíràn á ní, “Idẹ lówó lórí, ìtàn kò ṣeé jẹ.” Òótọ́ ni pé idẹ lówó lórí. Àmọ́ páhòró kan ò wúwo tó ohun tí ẹ fi máa ra búrẹ́dì. Kẹ́ ẹ tiẹ̀ fẹ́ tà á, ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ kọ ibi tó ti wá. Ìyẹn ò gba kọ́bọ̀.

Mo sì ní ọ̀rọ̀ fún àwa tí a fẹ́ràn nǹkan àtijọ́ pàápàá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra ẹ̀rọ tó ń wá irin kí ẹ wá lọ tú ilẹ̀ Kírìjì. Ẹni tó bá wa ilẹ̀ láìkọ ojúkò sílẹ̀ ń ya ojú ewé kúrò nínú ìwé tí ẹnikẹ́ni ò tíì kà. Èyí tó bá ti wà nílé, ẹ tọ́jú rẹ̀. Èyí tó bá wà nínú ilẹ̀, ẹ sọ fún ẹ̀ka awalẹ̀pìtàn yunifásítì tó sún mọ́ yín, tàbí àjọ NCMM tó ń bójú tó mùsíọ́mù àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ kọ ọ́

Ẹ má fi ọṣẹ ìfọdẹ fọ páhòró. Àwọ̀ ewé tàbí dúdú tó bò ó wà lára ẹ̀rí, àpá abẹ́rẹ́ tí mo sọ sì lè bá ìfọ̀ náà lọ. Ìdí kejì tún wà. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wà ní Íńdíà, wọ́n ń kó ọta wọn sí ilé ẹṣin ní àsìkò òjò, títí òjò fi máa dá. Nígbà tí wọ́n bá padà síbẹ̀, wọ́n á bá páhòró tó ti là, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Ó tó 1921 kí wọ́n tó ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa: ìtọ̀ ẹṣin ń mú ammonia jáde, ammonia àti ọ̀rinrin ń jẹ bàbà inú idẹ, idẹ tí ẹ̀rọ ti fà tí ara rẹ̀ ṣì le koko sì ń là níbi tí ammonia ti jẹ ẹ́. Ohun tó yanjú rẹ̀ ni pé wọ́n ń fi iná díẹ̀ rọ idẹ náà kó tó kúrò ní ilé iṣẹ́. Nítorí náà, ẹ má kó páhòró yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ewúrẹ́ tàbí ṣáláńgá, ẹ sì yẹra fún ọṣẹ tí ammonia wà nínú rẹ̀. Ẹ fi bébà gbígbẹ wé e. Ẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá mú un, pàápàá tí ìyẹ̀fun funfun bá wà níbẹ̀, torí ó lè jẹ́ òjé, májèlé sì ni òjé.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú bébà kékeré kan fún páhòró kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ nǹkan wọ̀nyí sí i:

- Ibi tí wọ́n ti rí i: ìlú, oko, ẹ̀gbẹ́ odò tàbí òkè wo. Tí ẹ bá lè padà débẹ̀, ẹ jẹ́ kí fóònù yín sọ ojúkò rẹ̀.
- Ta ló rí i, ọdún wo, kí ló ń ṣe nígbà náà.
- Ṣé ó dá wà ni, àbí òmíràn wà nítòsí rẹ̀.
- Àkọlé ìdí bó ṣe wà gẹ́lẹ́, àti ìwọ̀n mẹ́rin tí mo sọ lókè.
- Fọ́tò ìdí àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí rúlà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nínú gbogbo rẹ̀, ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ ni kò ṣeé sún síwájú. Àkọlé ìdí á ṣì wà níbẹ̀ ní ọdún 50 sí i, ẹnikẹ́ni lè kà á nígbà náà. Ìwọ̀n mẹ́rin náà, ọ̀la wà fún un. Ṣùgbọ́n bàbá tàbí ìyá tó mọ oko tí wọ́n ti hú u, tó mọ ẹni tó mú un bọ̀ láti ogun, àgbà ni wọ́n báyìí, ìrántí wọn ò sì ní àkọlé ní ìdí. Ẹ pè wọ́n lónìí. Ẹ bi wọ́n, “Ẹ jọ̀ọ́, níbo la ti rí nǹkan yìí?” Kí ẹ mú bírò dání kí ẹ tó pè wọ́n.